ATỌ́KÙN TÍ Ó DI OLÙKỌ́

Ohun méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo. Èkíní ni kí ènìyàn mọ iṣẹ́ náà ṣe. Èkejì ni kí ó mọ ọ̀nà tí yóò gbà fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn tí kò fi ara balẹ̀ ronú a máa wí pé ẹni tí ó bá ní èkíní ti ní èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. A ti rí onílù tí ìlù ń sọ̀rọ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ bí ènìyàn, tí ó jẹ́ pé bí ọmọ rẹ̀ bá bi í léèrè pé, "Bàbá, báwo ni ẹ ti ṣe é?" kò ní èsì kan láti fọ̀ ju pé, "Ṣé ojú rẹ kò sí níbẹ̀ ni?" A sì ti rí ẹni tí ó lè ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ òun tìkára rẹ̀ kò lè gbẹ́ ọmọrí odó. Ẹni tí ó bá ní méjèèjì ṣọ̀wọ́n. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó gbé ìgbésí ayé ọ̀kan nínú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Jay Gruden ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ni eré bọ́ọ̀lù kan tí a kì í sábà rí ní ilẹ̀ wa.

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ irú eré tí í ṣe. Nígbà tí àwa bá wí pé bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni a ní lọ́kàn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Bọ́ọ̀lù tiwọn kò rí roboto. Ó gùn, ó sì ṣóńṣó ní orí méjèèjì bí èso kòkó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú sí ara wọn. Ikọ̀ kan a máa gbìyànjú láti gbé e dé òpin pápá níwájú. Ikọ̀ kejì a máa gbìyànjú láti gbé ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ṣubú. Ìgbà mẹ́rin ni a fún wọn láti fi rìn tó yáàdì 10. Bí wọ́n bá rìn ín, a tún fún wọn ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá lè rìn ín, bọ́ọ̀lù di ti àwọn alátakò wọn.

Nínú gbogbo àwọn tí ó wà lórí pápá, ẹnì kan ni ẹrù wúwo lé lórí jù. Òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kọ́tábáàkì. Òun ni ó ń sọ fún àwọn ìyókù ibi tí olúkúlùkù yóò sá sí. Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé bí eré bá bẹ̀rẹ̀. Òun ni yóò sì pinnu, ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí, nígbà tí àwọn géńdé tí ó fẹ́ gbé e ṣubú ti ń sáré bọ̀ wá bá a. Bí atọ́kùn ti jẹ́ fún eégún ni kọ́tábáàkì jẹ́ fún ikọ̀ rẹ̀: bí ó bá ṣìnà, gbogbo wọn ni ó ṣìnà. Nítorí náà, atọ́kùn ni a ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Ìta gbangba ni a ti sábà máa ń ṣe eré yìí, lórí pápá tí ó gùn tó yáàdì 100, tí ènìyàn 11 sì wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1981, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jim Foster lọ wo bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí a ń gbá nínú ilé, ní gbọ̀ngàn ńlá tí a ń pè ní Madison Square Garden ní ìlú New York. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí àwọn wọ̀nyí bá lè gbá tiwọn nínú ilé, kò sí ohun tí ó ní kí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà má lè wọ abẹ́ òrùlé. Ó mú àpò ìwé kan, ó sì ya àwòrán pápá tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ sí ara rẹ̀. Ní ọdún 1987, líìgì bọ́ọ̀lù inú ilé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ̀ mẹ́rin péré.

Pápá inú ilé yìí kò gùn ju yáàdì 50 lọ, ìbú rẹ̀ kò sì ju bí yáàdì 28. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ògiri kúkúrú tí a fi tìmùtìmù bò ni ó yí pápá náà ká, àwọn òǹwòran sì jókòó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè máa gbọ́ èémí àwọn tí ń sáré. Ní orí pápá méjèèjì, a ta àwọ̀n gíga sí ẹ̀gbẹ́ àwọn òpó. Bí bọ́ọ̀lù bá lu àwọ̀n tí ó sì ta padà, eré kò tíì tán, ẹni tí ó bá yára ni yóò gbà á. Nítorí pé ibẹ̀ há, àmì a máa pọ̀ púpọ̀, ìrònú atọ́kùn kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe iyèméjì nínú ilé yìí, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun kan. Líìgì inú ilé kì í ṣe líìgì ńlá. Líìgì ńlá ni NFL, níbi tí owó àti òkìkí wà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá sínú ilé jẹ́ àwọn tí NFL kò mú, tàbí àwọn tí ó mú tí ó sì tún lé jáde. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òòbẹ̀ ni líìgì inú ilé lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1967 ni a bí Jay Gruden, ní ìlú Tiffin ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ilé tí a bí i sí kò ṣàjèjì sí eré yìí, nítorí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ni Jim, bàbá rẹ̀. Jon, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá olókìkí lẹ́yìn náà. Ìlú Tampa ní ìpínlẹ̀ Florida ni Jay ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí Yunifásítì Louisville, níbi tí ó ti jẹ́ atọ́kùn ikọ̀ wọn. Ọ̀nà dàbí ẹni pé ó ti là fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó tí àwọn ikọ̀ NFL ń yan àwọn ọ̀dọ́ láti yunifásítì, wọ́n ka orúkọ títí, wọn kò ka tirẹ̀. Títí di òní yìí, kò gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìdíje NFL.

Ẹ dúró níhìn-ín, kí olúkúlùkù yín fi ara rẹ̀ sí ipò ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ni ó yàn. Ó kọ́ ọ láti kékeré. Ó ṣe é dé yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó ni ilẹ̀kùn ńlá tì í mọ́ ọn lójú. Ọ̀nà méjì péré ni ó ṣí sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ó máa bú onílé. Ó sì lè wá ibi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, bí ó ti wù kí ibẹ̀ kéré tó, kí ó lọ máa ṣe é.

Ní ọdún 1991, ikọ̀ kan nínú líìgì inú ilé kó kúrò ní ìlú Pittsburgh wá sí Tampa, ó sì gba orúkọ tuntun, Tampa Bay Storm. Jay Gruden wọ inú ikọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí atọ́kùn. Ní ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dé ìdíje àṣekágbá tí a ń pè ní ArenaBowl, wọ́n sì borí Detroit Drive pẹ̀lú àmì 48 sí 42. Ní ọdún 1992, òun ni líìgì náà yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù lọ. Ní ọdún 1993, wọ́n tún pàdé Detroit, wọ́n sì na wọ́n ní 51 sí 31. Ní ọdún 1995, wọ́n borí Orlando Predators, 48 sí 35. Ní ọdún 1996, wọ́n rin ìrìn àjò lọ bá Iowa Barnstormers ní ilé wọn, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ wọn ní 42 sí 38. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin láàrin ọdún mẹ́fà!

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé jẹ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan, kí ó béèrè orúkọ atọ́kùn tí Jay Gruden borí ní Iowa. Kurt Warner ni. Ọkùnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ títo ọjà sórí pẹpẹ nínú ilé ìtajà oúnjẹ nígbà tí NFL kò rí ti rẹ̀ rò. Láti inú ilé yẹn ni ó ti padà bọ́ sí NFL, ní oṣù kìíní ọdún 2000, ó sì darí St. Louis Rams gba ife-ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ nínú eré náà. Ilé kékeré kì í sọ ọ̀nà wúrà di idẹ.

Nígbà tí Jay Gruden fi pápá sílẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Nashville ní ọdún 1997. Ní ọdún 1998, Orlando Predators ní kí ó wá ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òpópónà kan náà ni ó so Tampa àti Orlando pọ̀, ìlara eré ìdárayá sì ti wà láàrin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Jay ni ó gba ife-ẹ̀yẹ lẹ́nu Orlando ní ọdún 1995. Àwọn tí ó dá lóró ni ó wá pè é pé kí ó wá kọ́ àwọn. Ọlọ́gbọ́n a máa rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó na òun.

Iṣẹ́ tuntun yìí kò rọrùn. Atọ́kùn a máa fi ojú rí, a sì fi ọwọ́ ṣe. Akọ́nimọ̀ọ́gbá a máa fi ojú rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò ṣe é. Ó dúró létí ògiri. Ó rí ààyè tí ó ṣí sílẹ̀. Kò lè ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Ohun gbogbo tí ó ní ni ọ̀rọ̀ tí ó ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yé wọn, ọwọ́ wọn yóò ṣe ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí kò bá yé wọn, asán ni gbogbo ìmọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ eré ṣe ni ó kùnà níbí yìí, nítorí wọn kò lè fi sùúrù tú ohun tí ó ti mọ́ wọn lára palẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ́ lára.

Ní ọdún 1998 yẹn, Orlando dé àṣekágbá. Àwọn wo ni wọ́n bá níbẹ̀? Tampa Bay Storm ni, ikọ̀ tí Jay Gruden ti jẹ́ atọ́kùn wọn, lábẹ́ Tim Marcum, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí òun pàápàá sìn ní ọdún 1995 àti 1996. Ní ìlú Tampa gan-an ni wọ́n ti pàdé. Orlando borí ní 62 sí 31. Ní ọdún 2000, wọ́n tún gba ife-ẹ̀yẹ, wọ́n borí Nashville Kats ní 41 sí 38. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gba méjì pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní èrò tèmi, méjì ìkẹyìn wọ̀nyí ni ó ṣòro jù.

Lẹ́yìn èyí ni ó ṣe ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà ṣe. Ní ọdún 2002, ó dìde kúrò lórí àga olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gbé aṣọ eré wọ̀, ó sì padà di atọ́kùn Orlando lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn fún ọdún méjì. Ẹni tí ó ti ń pàṣẹ padà di ẹni tí à ń pàṣẹ fún, nínú ikọ̀ kan náà, lójú àwọn kan náà. Àwọn àgbà wí pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ó ń ran Jon ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ní Tampa Bay Buccaneers, ikọ̀ NFL tí Jon ń darí, tí ó sì gba ife-ẹ̀yẹ NFL ní oṣù kìíní ọdún 2003. Níbẹ̀, kì í ṣe atọ́kùn, kì í sì í ṣe olórí; amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán ni. Ní ọdún 2004 ni ó padà sórí àga rẹ̀ ní Orlando. Ní ọdún 2006, ó tún mú wọn dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n Chicago Rush borí wọn ní 69 sí 61.

Ní ọdún 2009, líìgì inú ilé ti ìlẹ̀kùn fún sáà náà nítorí àìrówó. Jay Gruden kò jókòó. Ó lọ sí líìgì kékeré mìíràn, ó sì di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Florida Tuskers ní ọdún 2010. Ní ọdún 2011, Cincinnati Bengals, ikọ̀ NFL, fi àkóso ìkọlù wọn lé e lọ́wọ́. Atọ́kùn tuntun tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù NFL rí, Andy Dalton, ni wọ́n fún un. Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀, ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ikọ̀ náà sì wọ ìpele ìdíje àwọn tí ó yege. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ikọ̀ Washington fi í ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ẹni tí NFL kò ka orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ di ọ̀kan nínú àwọn olórí 32 tí ó wà nínú gbogbo NFL.

Ṣé ibi tí ìtàn yóò parí nìyẹn, kí a sì pàtẹ́wọ́? Rárá o. Òtítọ́ ni iyọ̀ ìtàn. Ní Washington, ọdún kan péré, 2015, ni wọ́n ṣe olórí ìsọ̀rí wọn. Nínú gbogbo ìdíje sáà tí Jay Gruden darí níbẹ̀, ìgbà 35 ni ó borí, ìgbà 49 ni ó pàdánù, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì ta ọ̀mì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ìdíje márùn-ún léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2020, ó tún lọ ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Jacksonville.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ẹ ò rí i? Ilé kékeré ni ó mọ̀, kò mọ gbangba." Èmi kò gbà. Ní Florida Tuskers, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lábẹ́ Jay Gruden tí a ń pè ní Sean McVay. Nígbà tí Jay dé Washington, ó fi àkóso ìkọlù lé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 2017, Los Angeles Rams fi McVay ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ó gba ife-ẹ̀yẹ NFL tí ọ̀gá rẹ̀ kò gbà. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nínú ìwé tí a ń ka ìborí àti ìpàdánù sí, kò sí ibi tí a ń kọ irú nǹkan yìí sí; ṣùgbọ́n òun ni iṣẹ́ olùkọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó lẹ orúkọ mọ́ ara pátákó, tí ẹlòmíràn nínú yín yóò wá tirẹ̀ títí tí kò ní rí i. Mo ti rí ọmọ tí ojú rẹ̀ bàjẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó rò pé ayé ti parí. Èmi kò ní wí fún un pé kò dùn ún. Ṣùgbọ́n èmi yóò bi í pé: ṣé iṣẹ́ náà ni ìwọ fẹ́, àbí ibi tí a ti ń ṣe é? Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni, ilẹ̀kùn ti tì. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ náà ni, dìde, wá ibi kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe é, kọ́ ọ dé gbòǹgbò; nígbà tí ó bá yá, jẹ́ kí ẹni tí ó kéré sí ọ bá ọ kọ́ ọ.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ KAN

Atọ́kùn: ẹni tí ń ṣáájú eégún, tí ń fi ọ̀nà hàn án.
Akọ́nimọ̀ọ́gbá: olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù.
Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹni tí ń ran ọ̀gá lọ́wọ́ nínú iṣẹ́.
Àṣekágbá: ìdíje ìkẹyìn tí a fi ń mọ ẹni tí yóò gba ife-ẹ̀yẹ.
Ọ̀mì: kí ìhà méjì ní iye àmì kan náà.
Èkù: igi tí a fi ń di ọ̀bẹ mú.

ÌBÉÈRÈ

1. Ọ̀nà wo ni bọ́ọ̀lù inú ilé gbà yàtọ̀ sí ti ìta gbangba? Dárúkọ mẹ́ta.
2. Èéṣe tí òǹkọ̀wé fi kọ́tábáàkì wé atọ́kùn?
3. Ní èrò òǹkọ̀wé, kí ni ó mú kí ife-ẹ̀yẹ ọdún 1998 àti 2000 ṣòro ju mẹ́rin ìṣáájú lọ? Ṣé ìwọ gbà bẹ́ẹ̀?
4. Lo àwọn òwe wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: (a) Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. (b) Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
5. Kọ àròkọ kan tí kò dín ní 300 ọ̀rọ̀ lórí àkọlé yìí: "Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ṣe àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ́ni: èwo ni ó wúlò fún ìlú jù?"